Mo Fọ Ilé Ẹja Títí Ẹja Fi Kú

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú òjò ọdún yìí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá aṣọ. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Ìgándò kí n tó gbé bírò. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Jídé àti ìyàwó wọn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọdé agboolé pé àǹtí wọn tó wà l'Ékòó ò gbàgbé wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹkún lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀yin náà á sì bẹ̀rẹ̀ ti yín, owó á wá tán lórí fóònù láìsọ nǹkan kan. Mo tún gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí aráyé kà á, nítorí mo mọ̀ pé ilé tí ẹnì kan ti jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ pọ̀ ju tèmi nìkan lọ. Bùrọ̀dá á kà á sí yín létí. Kí wọ́n má fo ibi tó bá korò jàre.

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín pé ẹja wà nílé wa, ṣe lẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ṣé ará Èkó ò rí ẹja rà lọ́jà mọ́ ni, tí wọ́n fi ń sìn ín ní pálọ̀ bí ọmọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N ò sọ ìdí tí ẹja fi wọlé wa fún yín, n ò sì sọ ohun tí mo fi ojú wọn rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé ó ti di oṣù kọkànlá tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá Tóbi jókòó. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò sì jáde. Dókítà ní ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ o, pé ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí, pé ká máa ní sùúrù fún un. Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Lóṣù kìíní, èrò kún ilé: àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú wa tó wà ní Ìkọ̀tún. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ẹsẹ̀ èrò ti dá. N ò bá ẹnikẹ́ni wí, kálukú ló ní tiẹ̀. Tóbi wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin, ìdánwò ò jẹ́ kó wálé. Èmi ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ praímárì mẹ́rin ní Ẹgbẹ́dá, ó sì di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọlé. Ìyá onílé wa, Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n ṣàìsàn, ló ń bá mi fún un lóúnjẹ ọ̀sán. Yàtọ̀ sí àsìkò oúnjẹ yẹn, ògiri ló ń wò. Mo máa ń bá a níbi tí mo fi í sí gẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ á wà lára ògiri kan náà. Màámi, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọlé, kí n lè tún ojú ara mi ṣe.

Àwọn ọmọ tó kọ́ ní girama ló mú ẹja wá. Wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ṣùgbọ́n ‘Sà’ ni wọ́n ṣì ń pè é. Wọ́n gbé àpótí gíláàsì kan wọlé lọ́jọ́ Sátidé, ó tó àpótí aṣọ yín tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì níwájú àga rẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i nísàlẹ̀ pẹ̀lú òkúta ńlá kan, wọ́n sì kó ẹja mẹ́fà sínú rẹ̀, pupa bí epo tuntun. Bàbá Tóbi wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu rẹ̀ ló rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Mo sá lọ sí kíṣìnnì, mo lọ sunkún níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti níṣẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń bu oúnjẹ wọn, á fi ìka méjì mú un, á na ọwọ́, á sì tú u sórí omi. Ìdajì á dà sí i lára. N kì í gbá a kúrò kíákíá kó má bàa rò pé mò ń bá a wí. Láàárọ̀, kí n tó wọ̀ ọ́ láṣọ tán, ó ti ń yí ọrùn sí ọ̀nà pálọ̀. Àwọn ẹja wọ̀nyẹn ló ń jí i dìde, Màámi. Bí wọ́n bá kú, n ò mọ ohun tí yóò tún jí i. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe ẹja.

Àlàájì kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ìdímù ló bá wọn tò ó. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í kánjú. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú omi, fóòmù wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́ sì ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n ní bó bá ṣe tàwọn ni, omi ìbá kọ́kọ́ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹja tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn ti ra ẹja ná. Nítorí náà, kí a fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní omi náà á dọ̀tí láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí a má fọwọ́ kàn án. Abọ́ kékeré kan ni kí a máa bù kúrò lọ́sẹ̀, kí a fi omi tó ti sùn nínú bókẹ́ẹ̀tì dípò rẹ̀. Èmi wà lẹ́nu ìdáná nígbà tí wọ́n ń sọ gbogbo èyí, mò ń sè fún àlejò, mo kàn ń dáhùn láti kíṣìnnì pé ó dáa, sà, mo ti gbọ́, sà. Ẹni tó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, omi náà funfun bí omi ògì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín, Màámi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ṣé ẹ rántí àmù wa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Sátidé kan ò lè kọjá kí n má fọ̀ ọ́. Ẹ ó ní kí n da omi inú rẹ̀ nù pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo pọn ọ́n láti odò, kí n fi iyanrìn àti ewé ìpín ha inú rẹ̀, kí n dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ ó wá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ ó fi ìka ra ara àmù, bó bá yọ̀ díẹ̀, ẹ ó ní kí n tún un fọ̀. Ẹ ní omi tó bá ti yí àwọ̀, ẹ̀gàn ló ń wá fún obìnrin ilé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò sí tanwíjí nínú omi ilé wa. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lójoojúmọ́ pé ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń borí ooru.

Torí náà nígbà tí Sátidé dé, mo ká aṣọ mi sókè. Mo kó ẹja sínú bókẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́n omi àpótí náà dà sí gọ́tà títí tó fi gbẹ. Mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ gíláàsì, mo da omi gbígbóná lé àwọn òkúta wẹ́wẹ́ lórí, mo sá wọn. Mo fi ọṣẹ bo fóòmù inú ẹ̀rọ náà, mo fún un títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ fi mọ́ kedere. Mo pọn omi tuntun láti inú kànga ẹ̀rọ onílé, mo dà á sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo dá àwọn ẹja padà. Gíláàsì náà ń dán. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń ṣe èyí, Bàbá Tóbi ń pariwo. Ó ń ṣe ẹ̀n, ẹ̀n, ó ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga. Mo ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ lọ. Mo gbé e lọ, kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, mo tún gbé e padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ebi ni, mo po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó yí ojú kúrò. Mo wá sọ fún un, bí mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ praímárì kẹrin, pé kó fara balẹ̀, ilé ẹja rẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Nígbà tí kò dákẹ́, mo yí àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé, kí omi má bàa ta sí i lára.

Lálẹ́ Sọ́ńdè, àwọn ẹja náà ti gòkè sójú omi, wọ́n ń la ẹnu pàkàpàkà. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n, mo fi oúnjẹ kún oúnjẹ wọn. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, méjì ti kú, wọ́n léfòó. Ẹ rò ó wò, Màámi. Iwájú Bàbá Tóbi ni wọ́n ti kú. Ìyá onílé ò fura, oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì padà. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn, kò sí ẹni tó lè pè.

Èmi sì ní ìdọ̀tí ló pa wọ́n. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo tún da gbogbo omi náà nù, mo tún fọ gbogbo rẹ̀. Ó tún lu àga. Lọ́tẹ̀ yìí, n ò tilẹ̀ bi í léèrè mọ́.

Bí ìyà ṣe mọ ọ̀nà ilé ẹni, wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò mú un wá títí di ọjọ́ kejì. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ilé ìwé ní ká dúró sílé. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ti kú. Mo jókòó ti àpótí náà láti àárọ̀, mò ń fi kọ́ọ̀bù bu omi, mò ń dà á padà láti òkè kó lè ho, kí wọ́n lè rí èémí mí. Ọwọ́ ń ro mí. Bàbá Tóbi ń wò mí, mò ń wò ó, a ò lè ran ara wa lọ́wọ́. Méjì mìíràn kú níṣojú àwa méjèèjì.

Àlàájì dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè lẹ́yìn tí mo pè wọ́n. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí mo ṣe. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: omi gbígbóná, ọṣẹ, kànìnkànìn. Wọ́n ṣí fìlà wọn.

“Màmá, ẹ má bínú sí mi o,” ni wọ́n wí. “Ìmọ́tótó yín ló pa wọ́n.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù. Inú omi tí ẹja ń mí náà ló ń yàgbẹ́ sí, ìgbẹ́ náà á sì di májèlé. Nǹkan ẹlẹ́mìí kan wà tí ojú ò lè rí, ara òkúta àti fóòmù ló ń gbé, májèlé yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń pẹ́ kó tó pọ̀ tó láti sin ẹja. Omi tó dà bí omi ògì kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń pa ẹja, ilé tuntun tó ń wá bí yóò ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, bí a bá sì fi í sílẹ̀, á tòrò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọṣẹ pa nǹkan ẹlẹ́mìí náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó lé gbogbo agbálẹ̀ kúrò lọ́jà, tó wá ń ṣe kàyéfì pé ọjà ń rùn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, mo rí i pé Bàbá Tóbi ń mi orí. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Àlàájì wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé Bàbá mọ̀ nípa ẹja ni.

Màámi, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkọ mi fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọ. Òun àti àwọn ọmọ kan náà tó gbé àpótí wá ló gbẹ́ adágún ẹja sẹ́yìn ilé ìwé wọn, àrọ̀ tó ń jáde láti inú rẹ̀ sì ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún Tóbi. Ìdí tí wọ́n fi ronú kan ẹja nìyẹn, tí wọn ò fi gbé tẹlifíṣọ̀n wá. Àwọn rántí. Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ, n ò rántí. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti dákẹ́, mo ti ka ọgbọ́n rẹ̀ mọ́ ohun tó dákẹ́.

Ìmọ̀ràn tí Àlàájì fún mi ni pé kí n má ṣe nǹkan kan. Kí n má fọ nǹkan kan, kí n má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, kí n máa bu abọ́ kékeré kan kúrò lójúmọ́, kí n sì máa wò. Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọwọ́ mi ò mọ bí a ṣe ń jókòó. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọwọ́ mi ń yún mi, mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ìkarùn-ún kú.

Mo fi ọwọ́ mú un jáde. Inú bí mi, ara mi ni inú ń bí mi sí, ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni ó jábọ́ lé. Ẹ mọ̀ pé ọmọ kíláàsì kan náà lèmi àti Bàbá Tóbi, n kì í pè é ní ‘ẹ’ àfi lójú àlejò. Mo kọjú sí i pẹ̀lú ẹja náà lọ́wọ́.

“O mọ̀,” ni mo sọ. “O mọ̀, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ti fẹ́ gbé e mì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Ó la ẹnu. Bó bá ti la ẹnu báyìí tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a parí rẹ̀: omi lo fẹ́, òtútù ń mú ọ, ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ náà, n ò lágbára láti bá ẹnikẹ́ni parí nǹkan kan. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ wà lórí sítóòfù, mo gbọ́ tó hó, mo gbọ́ tí ọmọrí ń jó lórí ìkòkò, n ò dìde. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀nà. Òógùn bò ó níwájú orí.

“Mo,” ló wí. Ó sinmi. Ó tún bẹ̀rẹ̀. “Mo sọ ọ́.”

Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó fi ojú sọ ọ́, ó fi ọwọ́ sọ ọ́, ó fi gbogbo ohùn tó kù fún un sọ ọ́, èmi ni mo yí àga rẹ̀ sí fèrèsé.

Ẹja kan ló kù. Kò jẹun dáadáa, abẹ́ òkúta ńlá náà ló fẹ́ràn láti máa wà, a ò sì mọ̀ bóyá yóò yè. Àlàájì ní bó bá fi lè lo oṣù kan sí i, ilé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tí mo lè fi kún un. Mò ń bu abọ́ omi mi, mò ń jókòó.

Ẹ ní bí ẹ bá ti wa iṣu tán, ẹ ń bọ̀ wá ràn mí lọ́wọ́. Ẹ wá, Màámi, mo nílò yín, ilé yìí dá mi lágara. Ṣùgbọ́n mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí i pé omi náà ò mọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ọkọ mi bá sì la ẹnu, bó ṣe wù kó pẹ́ tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a parí rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti sọ lórí fóònù pé kí n bá yín kí i, mo máa ń dáhùn kíákíá pé ó ní kí n kí yín, pé ó ní ẹ ṣeun, pé ó ń gbàdúrà fún yín. Irọ́ ni mò ń pa, Màámi. Oṣù mọ́kànlá, n ò dúró gbọ́ ohun tó ní í sọ rí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ lójú ọ̀nà odò, ẹ ó jèrè wa, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìta, pàápàá jù lọ àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń gba ààwẹ̀ nítorí wa. Èmi kí yín, Tóbi náà kí yín. Ní ti bàbá rẹ̀, mo ti ka lẹ́tà yìí sí i létí láti òkè délẹ̀, mo sì ti bi í pé kí ni kí n bá a sọ fún ìyá wa. Ó ti la ẹnu. Mò ń dúró.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀